Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Kánsẹ́lọ̀ Sùn Láìjà Láìta

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ló ní kí àwa ará ọjà wá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí kánsẹ́lọ̀ bá ṣe ohun tí kò tọ́ sí wa, báwo ni a ó ṣe sọ ọ́ tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ yóò fi gbọ́?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pa ẹnu mọ́. A ó ní, "Ìlú onílùú ni, ẹ jẹ́ kí a fara dà á." Ṣùgbọ́n ìfaradà tí kò ní ọ̀nà àbáyọ, ìjà ló ń bí.

Ní àkókò òjò kan, ní ìlà ìsọ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí gba ₦200 lójoojúmọ́ lórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kánsẹ́lọ̀ ló rán àwọn, pé owó gọ́tà ni. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti san owó ìsọ̀ ti ọdún náà. Kí ni a ṣe? A kùn. A kùn lábẹ́ igi, a kùn nígbà tí a kírun tán, a kùn nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó lọ bá kánsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ kò rí owó san, wọ́n sì gbé múdù tó fi ń wọn ọjà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa fa igi yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà, ọpẹ́lọpẹ́ Mai Anguwa tó sáré dé, ọ̀rọ̀ owó gọ́tà ìbá di ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Ẹ rántí ìlú Jos ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, bí ọ̀rọ̀ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe di rògbòdìyàn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bá lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ níhìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́fà lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbà wá lálejò bi wá ní ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló gba owó? Ọjọ́ wo? Èló? Ẹ̀rí dà? A wo ara wa lójú. Ariwo nìkan ni a gbé lọ, a sì padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Ibẹ̀ ni ojú wa ti là. A ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo ẹni tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá sọ ọjọ́, iye owó, àti ẹni tó gbà á. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà a kọ lẹ́tà olójú kan, a ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, a sì kọ́kọ́ gbé e tọ kánsẹ́lọ̀ lọ kí a tó gbé e débòmíràn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ó dára tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ ní ọmọkùnrin méjì péré ni òun rán, ₦100 ni òun ní kí wọ́n gbà, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni òun sì dá fún wọn. Àwọn yòókù ń fi orúkọ òun jẹun ni. Mai Anguwa jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ìdajì ẹ̀sùn wa kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a fi ọ̀wọ̀ béèrè pé ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí ₦100 ọ̀hún. Kò rí ìdáhùn. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí gbígba owó fi dáwọ́ dúró, múdù ìyá wa sì padà dé. Owó tó ti lọ kò padà, a kò ní parọ́ fún yín.

Bí ó bá ti kọ etí ikún sí wa ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n.

Èkíní, kí a kọ̀wé sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí àwọn kánsẹ́lọ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà, ibùdó ọkọ̀ àti gọ́tà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo kò lè dá owó lé ará ìlú lórí. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa, kí a tọ́jú rẹ̀.

Èkejì, kí a kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Public Complaints Commission wà, èyí tí ìjọba Murtala Muhammed dá sílẹ̀ ní 1975 láti máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú. Wọn kì í gba owó. Ṣùgbọ́n òfin wọn ní kí á ti kọ́kọ́ tọ àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀, kí ẹjọ́ náà má sì wà ní kóòtù. Bí ó bá ju oṣù 12 lọ tí ohun náà ti ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ìwádìí àti ìmọ̀ràn ni tiwọn, wọn kì í ju ènìyàn sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ICPC ti wà láti ọdún 2000. Code of Conduct Bureau náà ń bójú tó ìwà àwọn tó di ipò ìjọba mú, kánsẹ́lọ̀ sì wà lára wọn: ó gbọ́dọ̀ kéde ohun ìní rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba rìbá. Bí wọ́n bá lu ènìyàn, ti ọlọ́pàá nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àlejò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí a fi sùúrù dá a lóhùn. Ìwé Òfin kan náà fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti gbé ibi tó bá wù ú. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ìjọba ìbílẹ̀. A ń san owó, a ń dìbò, ó tọ́ kí a béèrè. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ tọ́ sí àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Bí owó bá máa sún mọ́ ilé, ojú tiwa náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a bá ara wa náà wí. Àwọn kan nínú wa ló ń yọ́ fún àwọn ọmọ kánsẹ́lọ̀ lówó kí wọ́n lè gba ìsọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní. Nínú gbọ̀ngàn tí a ń tìtorí rẹ̀ náwó lónìí, ẹ jẹ́ kí a yọ yàrá kékeré kan sọ́tọ̀. Kí ìwé ẹ̀sùn wà níbẹ̀, kí ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé dáadáa máa jókòó tì í ní ọjọ́ ìpàdé, kí ìyá tí kò mọ̀wé rí ẹni bá a kọ tirẹ̀, kí lẹ́tà sì máa jáde lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹnìkan tó bá dá kọ̀wé lè bẹ̀rù. Gbogbo wa pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè lé lọ.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Olúwa yóò jẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí parí lójú ẹ̀mí gbogbo wa. A ó jèrè oko, a ó mú èrè délé. Àlàáfíà ìlú yìí kò ní bàjẹ́.