IṢẸ́ ỌWỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ WẸ́WẸ́ WA NÍ ÀKÓKÒ ÒJÒ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìyá àti àwọn bàbá níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Festac Town

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sì ni olùkọ́ mi. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni n óò sọ, n kò sì ní í fa ọ̀rọ̀ gùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń rí nínú ilé wa láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, àti nígbà tí òjò bá tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Òjò a kó bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ ọmọ sínú pálọ̀ kan ṣoṣo. Àgbà a máa ronú ọjà tí kò lè ná, ọmọdé a sì máa wo ojú fèrèsé. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe fún ọmọ náà? A ó tan tẹlifíṣọ̀n fún un, tàbí kí a gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí etí wa lè sinmi. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ẹkún a bẹ̀rẹ̀, ọmọ a sì máa wá ọ̀nà àtijáde.

Ọ̀nà àtijáde yìí ni ó gbé mi dìde lónìí. Ilẹ̀ wa níhìn-ín rẹlẹ̀, ó sì súnmọ́ ọ̀sà. Bí òjò ńlá bá rọ̀, gọ́tà a kún, ojú ọ̀nà a di odò, ẹsẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, tí yóò gbàgbé òjò ọjọ́ náà àti ẹ̀mí tí àgbàrá rẹ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀ kan, mo fi ìwé ìròyìn ṣe ọkọ̀ ojú omi fún ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo wọ ilé ìdáná lọ láti ro àmàlà. Ọmọ gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé e lé ojú àgbàrá. Ọkọ̀ ń lọ, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Aládùúgbò wa kan tí ń ti mọ́tò rẹ̀ tí ó kú sínú omi ni ó na ọwọ́ gbá a mú, nígbà tí ó ku ìṣísẹ̀ kan kí ó bọ́ sínú gọ́tà tí kò ní ìdérí. Bàtà rẹ̀ kan bá omi lọ, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, n kò sì fi ibi tí a ó ti wà á hàn án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi í ṣe òfin nínú ilé mi pé omi ni yóò wá bá ọmọ nínú ilé, ọmọ kò gbọdọ̀ lọ bá omi lóde. Lórí òfin yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ kà fún yín dúró.

Èkíní ni ọkọ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ bu omi mímọ́ sínú abọ́ fífẹ̀, kí ó má ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì lọ, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ kó ewé, òkúta, ṣíbí àti ṣùkù àgbàdo gbígbẹ síwájú ọmọ. Kí ó tó ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi, ẹ bi í pé, “Èyí yóò ha léfòó bí, tàbí yóò rì?” Ọmọ yóò dáhùn, yóò dán an wò, ojú ara rẹ̀ yóò sì dá a lẹ́jọ́. Ẹ kò rí i pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni ọmọ náà ń ṣe? Bí eré bá parí, ẹ da omi náà nù lójú kan náà, nítorí omi tí kò tó nǹkan lè pa ọmọ kékeré, omi tí ó bá sì pẹ́ nínú abọ́ a máa di ilé ẹ̀fọn.

Èkejì ni àgbàdo. Àkókò òjò ni àkókò àgbàdo tútù, kò sì sí ilé tí a kì í sè é. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, ẹ má ṣe da háhá rẹ̀ nù. Ẹ ká a po, kí ẹ fi okùn so ó lọ́rùn àti ní ìdí, ó di ọmọláńgidi. Ègé aṣọ tí aránṣọ ń gbá sọnù ni kí ọmọ fi ró aṣọ fún un. Ṣùkù rẹ̀ tí ó ti gbẹ, ẹ tì í bọ inú àwọ̀, kí ọmọ yí i gbirigbiri lórí ìwé, yóò sì fi àmì wínníwínní sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ láfún. Àwọn ìyá wa aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè ṣe aró, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹ̀kọ. Ẹ ro ó, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ pín in sí abọ́ méjì, kí ẹ fi omi ìṣápá pupa sí ọ̀kan, kí ẹ fi ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ sí èkejì. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ọmọ fi ìka àti òòyà yàrun ya ohun tí ó wù ú. Bí díẹ̀ bá kan ẹnu, oúnjẹ ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìbòjú tí a fi páálí ṣe, èyí sì kan ìlú tí a jókòó sí yìí gan-an. Nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1977, ni a ṣe kọ́ Festac, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Ojú Ìyá Ọba Idia ti Bìní, tí a fi eyín erin gbẹ́, ni àmì àjọ̀dún náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó o lọ ní 1897, wọn kò sì yá wa lò fún àjọ̀dún náà, ni àwọn agbẹ́gilére Bìní bá gbẹ́ òmíràn. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ bí ó ti ń kun ìbòjú rẹ̀, kí ó lè mọ ìdí tí a fi ń pe ilé rẹ̀ ní Festac.

Ẹ jọ̀wọ́, àgbà ni kí ó di àlùmọ́gàjí mú. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe fún un ní ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà tàbí ìdérí ìgò, nítorí wọ́n lè há a lọ́fun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu máa sọ Yorùbá. Ọmọ tí ó di háhá mú tí ó sì gbọ́ pé “háhá” ni, kì yóò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n sì fi hàn pé èdè ìyá ọmọ kì í dí ọgbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1977, ọdún àjọ̀dún náà gan-an, ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n pálọ̀ wa kò nílò àṣẹ ìjọba.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun méjì. Kí olúkúlùkù ilé ní páálí kan tí a ó máa kó háhá, ègé aṣọ àti ìwé ìròyìn sí de ọjọ́ òjò. Kí ẹ̀yin ọkùnrin sì dáwó, kí a fi ìdérí sí gọ́tà iwájú ilé wa. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Bí àgbàrá kò bá ní í dáwọ́ dúró, kí àwa náà má ṣe dáwọ́ dúró.

Kí Olódùmarè dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì gbé ẹgbẹ́ wa ga.