Ẹrù Ẹni tí Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Rin Ọ̀nà Jíjìn



Ní oṣù Kẹrin ọdún 1884 ni Thomas Stevens, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gun kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà náà, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga fíofío, jáde ní San Francisco. Ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀wù ìpààrọ̀ kan, ìbọn ìléwọ́ àti aṣọ òjò ni ẹrù rẹ̀. Aṣọ òjò náà ni àgọ́ rẹ̀, òun náà ni ibùsùn. Níbi tí òkun bá dínà, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1886 ó dé Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáànù.

Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, kí ó tẹ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dì í, kí ó sì wo iye iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Èyí tí kò bá ju iṣẹ́ kan lọ, kí ó fi í sílé. Mo yọ omi, pọ́ǹpù àti ohun tí a fi ń lẹ ihò táyà kúrò nínú òfin yìí: ẹni tí ó bá gbàgbé wọn lè fi ẹsẹ̀ rìn wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òkè kò sì mọ olóyè yàtọ̀. Ẹ̀yin baba mi, agbádá a máa há sínú ṣéènì. Ẹ fi í ránṣẹ́ ṣáájú nínú mọ́tò.