ÈSO WO NI ÈÈWỌ̀ AJÁ?



Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú mi ni pé, ǹjẹ́ ewu wà nínú kí ajá máa jẹ èso? Àwọn kan gbà pé ẹran nìkan ni oúnjẹ ajá. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Swídìn fi hàn pé ara ajá ilé mọ bí a ti ń da oúnjẹ onísítáàṣì, bí àgbàdo àti àlìkámà, ju ti ìkookò lọ. Ajá ti bá ènìyàn gbé pẹ́, ara rẹ̀ sì ti mọ́ oúnjẹ ènìyàn. Ahọ́n rẹ̀ pàápàá mọ adùn, èyí tí ahọ́n ológbò kò lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní èèwọ̀ tirẹ̀, tí ohun tí ará ilé kan ń jẹ ní àjẹyó jẹ́ ohun tí ará ilé kejì kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ajá ní èèwọ̀. Ajá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Olówó rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá a mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ tí a ti kó hóró inú rẹ̀ dànù, àti máńgòrò tí a ti yọ kóró rẹ̀, kò sí aburú nínú wọn bí a bá fún un ní ìwọ̀nba. Gbogbo ìpanu ajá lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ, kí ìgbẹ́ gbuuru má baà ṣe é, kí ó má sì sanra jù. Kóró máńgòrò ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Bí ajá bá gbé e mì, tí ó há sí i nífun, yóò máa bì, kò ní lè jẹun, iṣẹ́ abẹ ni ó sì sábà máa ń gbà á là. Ẹni tí igi máńgòrò wà ní àgbàlá rẹ̀ gbọdọ̀ máa ṣa èyí tí ó bá já bọ́.

Èèwọ̀ ajá gan-an ni èso àjàrà, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe gbígbẹ tí a ń pò mọ́ kéèkì ọdún Kérésìmesì. Ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́. Ajá náà yóò kọ́kọ́ bì, yóò kọ oúnjẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìtọ̀ rẹ̀ lè dá. Ní ọdún 2021, àwọn oníṣègùn ẹranko ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí kíkan kan tí ó wà nínú èso náà, tí wọ́n ń pè ní tartaric acid. Ohun tí ó là wọ́n lójú ni ajá kan tí ó jẹ amọ̀ ìṣeré ọmọdé, èyí tí lẹ́búlẹ́bú kan tí a fi kíkan yìí ṣe wà nínú rẹ̀. Àjàgbọn, tí àwọn ará Òkè Ọya ń fi ṣe ohun mímu, ní kíkan yìí púpọ̀, òun náà sì ti ba kíndìnrín ajá jẹ́ rí.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ajá mi ti jẹ àjàrà rí, kò sì kú.” Òótọ́ ni. Kíkan náà kì í dọ́gba nínú gbogbo àjàrà, ara ajá kò sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ojú sọdá títì márosẹ̀, tí mọ́tò kò pa, ẹ̀rí wo ni ó ní pé ojú dídì dára? Ẹ̀yin olùkọ́, irú àròjinlẹ̀ yìí ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Bí ajá bá jẹ èso àjàrà tàbí àjàgbọn, ẹ má ṣe dúró de èébì. Ẹ má sì da epo pupa sí i lọ́fun. Epo kì í pa oró yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ní wàràwàrà, kí ẹ sì sọ ohun tí ó jẹ àti ìgbà tí ó jẹ ẹ́ fún un. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́ jù.