Ẹ̀ka Jésè Nínú Ilé Wa



Àwa tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú Jos ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní Kano àti ní Accra mọ̀. Àwọn ọmọ wa kò ní bàbá àgbà nítòsí tí yóò máa ki oríkì ìdílé fún wọn. Bí ọmọ kò bá mọ ìran tirẹ̀, báwo ni yóò ti ṣe mọ ìran tí a gbé bí Olùgbàlà? Nítorí èyí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ àṣà Ẹ̀ka Jésè ní Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa.

Wòlíì Isaiah, ní orí 11, sọ tẹ́lẹ̀ pé láti ara kùkùté Jésè, bàbá Dáfídì, ni ẹ̀ka titun yóò ti yọ. Àgbẹ̀ kò ní bèèrè ìtumọ̀ èyí: igi tí a gé tí a kò hú gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún rúwé. Ní ilẹ̀ Fáransé, lára fèrèsé ilé ìsìn ńlá ìlú Chartres tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1150, Jésè ni ó sùn sílẹ̀ tí igi hù láti ara rẹ̀, tí àwọn ọba jókòó lé e, títí dé ọ̀dọ̀ Màríà àti Jésù lókè. Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn ìdílé onígbàgbọ́ sọ ọ́ di àṣà inú ilé.

Ẹ̀ka gbígbẹ ni a ń gbé nàró sínú agolo iyanrìn. Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa kì í dín ní ọjọ́ 22, kì í sì í ju 28 lọ. Ní alaalẹ́, a ó ka Bíbélì, ọmọ kan yóò sì so ohun kan rọ̀: òṣùmàrè fún Nóà, ìràwọ̀ àfọ́kù igbá fún Ábúráhámù, àkàbà ọparun fún Jákọ́bù, ẹ̀wù ìrépé aṣọ fún Jósẹ́fù, òwú pupa fún Ráhábù, ṣírí ọkà bàbà fún Rúùtù, adé páálí fún Dáfídì. A kò ra ọ̀kankan.

Ní ọdún kìíní, àgbà ìjọ kan wọlé, ó rí ẹ̀ka náà, ó dúró. Ó ní, “Ta ni ẹ pa àálè yìí fún?” Ojú tì wá. Ọmọbìnrin wa àbíkẹ́yìn ni ó dáhùn: “Bàbá, òwú Ráhábù ni. Ó so ó mọ́ fèrèsé kí wọ́n má baà pa ará ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá Jésù ni.”

“Ráhábù panṣágà nì?”

“Òun náà ni, Bàbá. Ó wà nínú Mátíù orí kìíní.”

Bàbá jókòó. Ó bèèrè ìtumọ̀ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń lọ, ó kìlọ̀ fún wa pé Ọlọ́run ni ó ní kí Mósè rọ ejò idẹ, síbẹ̀ àwọn ìran ẹ̀yìn ń sun tùràrí sí i, títí Hesekíà ọba fi fọ́ ọ túútúú.

A gba ìkìlọ̀ náà. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ̀ka wa a di igi ìdáná, adìyẹ a sì jẹ ọkà bàbà. Lọ́dún tí ń bọ̀, àwọn ọmọ yóò tún fi ọwọ́ ara wọn ṣe òmíràn. Òkúta 12 tí Jóṣúà kó láti inú Jọ́dánì kì í ṣe ohun ìbọ. Ìbéèrè àwọn ọmọ ni a fi wọ́n dúró dè.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ní ohun tí wọn yóò bèèrè, kí ẹ̀yin náà sì wà nílé láti dá wọn lóhùn. Kí Olúwa tí ń bọ̀ bá ilé wa ní ìmúrasílẹ̀. Àmín.