Ìlú Tí Kò Sí Lára Àkọlé: Ayàwòrán Méjì Láti Ògìdì



Lọ́dún 1989, Centre Pompidou ní Paris pàtẹ iṣẹ́ ọnà láti gbogbo ayé sábẹ́ àkọlé Magiciens de la terre. Twins Seven-Seven wà lára àwọn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn. Òṣogbo ni àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun sábà máa ń so mọ́ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù síbì kan. Ògìdì ni wọ́n bí i sí ní 1944, nílẹ̀ Ìjùmú tó múlé ti Kàbbà wa yìí. Ìyá rẹ̀ bí ìbejì lẹ́ẹ̀méje, òun nìkan ló sì dúró. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ijó ló ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tó ń ta oògùn tó fi dé Òṣogbo, tó sì bọ́ sọ́wọ́ Ulli àti Georgina Beier, tí wọ́n ń darí ẹ̀kọ́ ọnà ní Mbárí níbẹ̀, ní 1964.

Ògìdì yìí kan náà ni wọ́n bí Nike Davies-Okundaye sí ní 1951. Ó fẹ́ Twins nígbà kan. Nike fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tójú rẹ̀ rí nínú ilé yẹn fáráyé gbọ́, n ò ní tún un sọ níbí.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó kan ní Mbárí ló sọ àwọn ará Òṣogbo di ayàwòrán, bíi pé òfìfo ni wọ́n bá lọ. Èmi ò gbà. Ti Twins ṣòroó tú: ijó àti àlọ́ lòun gbé lọ, tàdáwà ló sì fi ń kún bébà títí kò fi ní sáyè. Ṣùgbọ́n ti Nike hàn kedere. Ilé ahunṣọ àti aláró ló dàgbà sí. Obìnrin ilẹ̀ wa tó jókòó síwájú òfì ti ka òwú rẹ̀ lórí kó tó jù ú, nítorí iṣẹ́ tó bá ti wọ́ kò ṣeé fi ìka pa rẹ́.

Ẹ wo bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń rí. A ó fi ìyẹ́ adìyẹ bu ẹ̀kọ, a ó fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Tó bá gbẹ, a ó rì í sínú aró. Bó ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì di aró lójú ẹni. A ó tún un rì títí yóò fi dúdú, a ó wá ha ẹ̀kọ kúrò. Ọnà yìí náà ni Nike gbé lọ sórí kánfáàsì, ló bá kún un pẹ̀lú ọ̀dà.

Goethe-Institut l'Ékòó ló ti kọ́kọ́ dá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1968. Ní 1974, ó ti dé Amẹ́ríkà. Ohun tó sì wú mi lórí jù ni pé kò dúró de ẹni tí yóò máa bá a tà á. Ilé ìpàtẹ lókè òkun lè mú tó ìdajì owó iṣẹ́ tí wọ́n bá tà. Obìnrin yìí kọ́ tirẹ̀ sí Lẹ́kí, iṣẹ́ inú rẹ̀ lé ní 8,000, púpọ̀ sì jẹ́ ti ẹlòmíì. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1983, ló ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ọṣẹ́ sílẹ̀ l'Óṣogbo. Ó sì ní òmíràn ní Ògìdì, níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ.

UNESCO fi Twins joyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005, ó sì kú ní 2011. Ìwé tí wọ́n kọ nípa àwọn méjèèjì kò kéré. Àwọn ìyá tó jókòó nídìí òfì àti ìkòkò aró ní Ògìdì nígbà náà ni n kò rí orúkọ wọn tó. Mo ti ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìkankan nínú wọn, tàbí tó lè júwe ilé wọn, kó jọ̀wọ́ rí mi kó tó máa lọ.