Ẹ̀rín Tí Ń Tún Ìlú Ṣe



Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ní ọdún 1968, Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà nínú eré The Village Headmaster. Abúlé kan tí wọ́n pè ní Ọjà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, ọba wà níbẹ̀, Olóyè Ẹlẹ́yinmi náà kò gbẹ́yìn. Ìṣòro ará ìlú àti àṣẹ ìjọba ni wọ́n ń jà lé lórí. Amebo, obìnrin inú eré náà, kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Títí dòní, amebo ni wọ́n ń pe olófòófó ní Nàìjíríà.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bínú? Wọn kò dárúkọ ẹni kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí á rẹ́rìn-ín, á délé, á ronú.

Èyí kì í ṣe àjèjì. Ní òru Èfẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa fi orin bá oníwà ìbàjẹ́ wí. Ní 2001, UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ogún Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Àléébù kan wà: Gẹ̀ẹ́sì àti pijín ni wọ́n fi ṣe eré Olúṣọlá. Faransé náà ni Ma Famille ti Akissi Delta láti Côte d'Ivoire. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ èdè wọ̀nyí ń wo àwòrán lásán. Ta ni yóò fi èdè Ifẹ̀ sọ ti ìjà ilẹ̀ oko, ti ìjà oyè, ti ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé?

Kí ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ ní àyè lórí rédíò. Kí àwọn àgbà gbà kí a fi àṣìṣe àwọn náà ṣeré. Kí àwọn ọ̀dọ́ bú ìwà, kí wọ́n má bu ìdílé.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.