Ọlọ́pàá Tó Yan Orí Ìtàgé

 

Ta ni yóò fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ torí eré? Hubert Ògúndé ni. Ọmọ Ọ̀sọsà ni, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, owó oṣù ń wọlé. Ṣùgbọ́n orin ń pè é, ìlù ń pè é. Ní 1944, ó gbé eré kan kalẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó, lórí ọgbà Édẹ́nì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá.

Ṣé ó wá rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Rárá o! Ìjọba amúnisìn fòfin de eré rẹ̀ ní Jos. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà náà fòfin dè é nítorí eré rẹ̀, *Yorùbá Ronú*. Ẹ gbọ́ o: kò lè ṣeré mọ́ nílẹ̀ tó bí i! Kí ló wá ṣe? Ṣé ó padà lọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá? Eré mìíràn ló tún kọ, ó pè é ní *Òtítọ́ Korò*. Ohun tó wúni lórí jù nìyẹn.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, *Ayé*, tó jáde. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wò ó nígbà náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín láàárọ̀ yìí bí èrò ṣe pọ̀ tó.